Àpótí Ìmọ̀: Mọ́tò CD Nínú Reluwé Ìṣeré

Ní Bìrìtìkó, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń tọ́jú reluwé ìṣeré àtijọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Hornby àti Lima ṣe. Bí mọ́tò rẹ̀ bá ti gbó, ariwo á pọ̀, yóò sì máa jẹ iná. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í jù ú nù: wọ́n á tú mọ́tò kékeré inú ẹ̀rọ CD àlòkù, wọ́n á fi jíà sórí ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á sì fi rọ́pò èyí tó gbó. Fóòtì 12 ni reluwé náà ń lò, èyí tó sábà máa ń pọ̀ jù fún mọ́tò CD. Rẹ̀sísítọ̀ ni wọ́n fi ń dín in kù. Ibi tí eyín jíà ti pàdé ló gba sùúrù jù: bí ó bá fún jù, kò ní yí; bí ó bá dẹ̀ jù, eyín á fò. Ẹ yẹ ibẹ̀ wò dáadáa kí ẹ tó lẹ mọ́tò náà pa.