Orí Kó Mi Yọ Nínú Ìbúgbàù Ọkọ̀ Ojú Irin, Àmọ́ Ara Mi Ò Yá

ÌBÉÈRÈ KÌÍNÍ

Dókítà, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, iṣẹ́ rélùwéè tó ń kó ẹrù ni mo fi ń bọ́ ìdílé mi. Ó ti lé lóṣù méjì báyìí tí táǹkà gáàsì kan gbiná ní yáàdì wa, tó sì bú gbàù. Mo jìnnà díẹ̀ sí i, síbẹ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbé mi lulẹ̀. N kò rí ẹ̀jẹ̀ lára mi, mo bá lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni etí mi òsì ti ń hó tọ̀sán-tòru, bí ìyàwó mi bá sì ń sọ̀rọ̀, àfi kí n yíjú sí i kí n tó gbọ́. Orí ń fọ́ mi. Mo máa ń ta jí lóru bíi pé iná náà wà nínú yàrá, bí ẹnìkan bá sì pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, àyà mi á já. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kú sínú ìbúgbàù náà. Àwọn ará ilé ní kí n máa dúpẹ́, pé ẹni tí Ọlọ́run yọ kì í ráhùn. Ṣé kí n lọ sí ilé ìwòsàn, àbí ó ti pẹ́ jù?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Texas

ÌDÁHÙN

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu. Ẹ sì kú ará fẹ́ra kù ti ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ jù rárá, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kí ẹ tó rí dókítà. Àwọn ará ilé kò sọ̀rọ̀ burúkú. Ọpẹ́ yẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í dí ìtọ́jú lọ́wọ́.

Ìbúgbàù lè ṣe ènìyàn léṣe gidi láìsí ojú ọgbẹ́ kankan. Bí iná bá ń jó lára táǹkà, gáàsì olómi inú rẹ̀ á máa hó, irin tó wà lókè ibi tí omi gáàsì náà dé á gbóná, á rọ̀, á sì ya lójijì. Ohun tó wà nínú táǹkà á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, á di iná ńlá. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde máa ń gbá ènìyàn bí ìgbà tí ògiri wó lu ni. Ibi tí afẹ́fẹ́ wà nínú ara ló sì máa ń bà jẹ́ jù: etí, ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè kan fún yín. Ní òru ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1944, ọkọ̀ ojú irin kan ń kó bọ́ǹbù gba ìlú Soham kọjá, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wágọ́nù 51 ló ń fà. Awakọ̀ rẹ̀, Benjamin Gimbert, rí i pé èyí tó tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì ti ń jó. Ó dá ọkọ̀ dúró, James Nightall tó ń dáná ẹ́ńjìnnì sì sọ̀ kalẹ̀ lọ tú wágọ́nù náà kúrò lára àwọn yòókù. Wọ́n ń fà á lọ síbi tí kò sí ilé nígbà tó bú gbàù. Nightall kú lójú ẹsẹ̀. Frank Bridges tó ń darí àmì ojú irin kú lọ́jọ́ kejì. Afẹ́fẹ́ ju Gimbert sọ nù, síbẹ̀ ó yè. Ègé gíláàsì, òkúta àti irin 32 ni wọ́n yọ lára rẹ̀ nílé ìwòsàn. Herbert Clarke, gáàdì ọkọ̀ náà, ṣubú, ojú rẹ̀ ṣú, àmọ́ ó dìde, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà lójú irin lọ dá ọkọ̀ tó lè máa bọ̀ lẹ́yìn dúró. Ìjọba fún Gimbert àti Nightall ní àmì ẹ̀yẹ George Cross.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo Clarke dáadáa. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn ènìyàn lè mú un dìde, kí ó rìn, kí ó sì sọ̀rọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ ti fara gbá. Nítorí náà, pé ẹ fẹsẹ̀ ara yín rìn délé lọ́jọ́ náà kò fi hàn pé nǹkan kan kò ṣe yín.

Etí ni ká kọ́kọ́ mójú tó. Ìlù etí ló máa ń tètè ya nínú ìbúgbàù. Bí ihò rẹ̀ bá kéré, ó sábà máa ń jinná fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ sí oṣù mélòó kan. Bí kò bá jinná, dókítà lè ṣiṣẹ́ abẹ láti dí i. Ó sì lè jẹ́ iṣan inú etí gan-an ló fara pa, èyí ló sábà ń fa híhó. Ẹ lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀fun, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wọn bí ẹ ṣe ń gbọ́ràn. Títí ẹ ó fi débẹ̀, ẹ má kán òróró, adí tàbí oògùn kankan sí i, ẹ má sì jẹ́ kí omi wọ̀ ọ́ bí ẹ bá ń wẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé tí etí yín bá kọṣẹ́ lẹ́yìn irú ariwo bẹ́ẹ̀, ẹ tètè lọ, nítorí oògùn tí dókítà lè fún yín máa ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kíákíá.

Orí fífọ́ lè jẹ́ pé ọpọlọ mì nígbà tí ẹ ṣubú. Ẹ sọ fún dókítà bí òòyì bá ń kọ́ yín, bí ẹ bá ń gbàgbé nǹkan, tàbí bí iná mànàmáná bá ń dà yín láàmú lójú. Bí orí náà bá ń le sí i, tí ẹ bá ń bì tàbí tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ kan kò lágbára mọ́, ẹ gba ẹ̀ka pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀.

Ti ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló le jù. Ẹni tó bá ń mí gúlegúle, tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ tàbí tí inú ń run gidigidi lẹ́yìn ìbúgbàù kò gbọ́dọ̀ sùn sílé.

Ó wá ku ti ọkàn. Kí ènìyàn máa ta jí, kí ó máa rí iná náà lójú rẹ̀, kí àyà rẹ̀ máa já sí ariwo, tí èyí sì lé lóṣù kan, àìsàn tí àwọn dókítà ń pè ní PTSD lè wà níbẹ̀. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó ní ìtọ́jú. Onímọ̀ ìlera ọpọlọ á bá yín sọ̀rọ̀ lórí ọjọ́ náà díẹ̀díẹ̀ títí tí agbára rẹ̀ á fi dín lára yín. Oògùn bíi sertraline náà wà. Ẹ lè máa bi ara yín léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ẹni tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ló lọ, tí ẹ̀yin sì kù. Ẹ sọ èyí náà fún onímọ̀ náà, ẹ má gbé e mì. Ẹ má fi ọtí wá oorun. Àdúrà pásítọ̀ tàbí àlùfáà dára, kí ó wà pẹ̀lú ìtọ́jú. Bí ọkàn yín bá ń sọ pé kí ẹ pa ara yín lára, ẹ pe 988 lórí fóònù níbẹ̀ yẹn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ béèrè ohun tó wà nínú táǹkà náà gan-an lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ fún dókítà, torí gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tó ń bà jẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Òfin FELA ti ọdún 1908 ló fún òṣìṣẹ́ rélùwéè tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè owó gbà-má-bínú bí àìbìkítà ilé iṣẹ́ bá lọ́wọ́ sí i, ọdún mẹ́ta sì ni àkókò rẹ̀. Òfin kò gba ilé iṣẹ́ láyè láti fìyà jẹ yín nítorí pé ẹ béèrè ìtọ́jú. Ẹ má bẹ̀rù.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Dókítà, ẹbá ojú irin ni mo ti ń tajà ní Agége. Bí ọkọ̀ tó ń kó epo tàbí gáàsì bá gbiná níwájú wa, kí ni ká ṣe?

Ìyá Bọ̀sẹ̀, Agége

ÌDÁHÙN

Ìyá Bọ̀sẹ̀, ẹ sá. Ẹ má palẹ̀ ọjà mọ́, ẹ má yọ fóònù láti ya fọ́tò. Ní Kingman, ìpínlẹ̀ Arizona, táǹkà gáàsì kan gbiná lójú irin ní ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1973. Nígbà tó bú gbàù, panápaná 11 kú, iná sì jó ọ̀pọ̀ àwọn tó dúró wòran lójú títì.

Bí iná bá wà lára táǹkà ojú irin tó kó gáàsì, ìlànà tí àwọn panápaná Amẹ́ríkà ń lò ni pé kí gbogbo ènìyàn jìnnà tó kìlómítà kan àti ààbọ̀, ó lé díẹ̀, yí ká. Ẹ máa lọ sí apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀. Bí òórùn gáàsì nìkan ló bá jáde, ẹ pa sítóòfù àti jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó kúrò. Bí ẹ bá ti jìnnà, ẹ pe 767 tàbí 112.

Bí iná bá kú, ẹ má tètè padà. Ọkọ̀ ojú irin kan yẹ̀ lójú irin ní Waverly, ìpínlẹ̀ Tennessee, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1978. Táǹkà gáàsì kan dákẹ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ méjì, àwọn ènìyàn sì ti ń rìn yí i ká. Ní ọjọ́ 24 ó bú gbàù, ó pa ènìyàn 16, ọ̀gá panápaná àti ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà sì wà lára wọn.

Ẹni tó bá jóná, ẹ da omi tútù tó ń ṣàn sí ojú iná náà fún ogún ìṣẹ́jú. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ kí ibẹ̀ tó wú. Aṣọ tó bá lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má fà á. Ẹ má fi epo pupa, ẹyin, ọṣẹ ìfọyín tàbí yìnyín sí i. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó. Bí ojú rẹ̀ bá jóná tàbí tí ohùn rẹ̀ bá há, ẹ gbé e lọ kíá, kí ọ̀fun rẹ̀ má wú dí èémí. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Gbàgádà ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ẹni tó jóná.

Ẹ̀yin àti ìyálọ́jà yín, ẹ jókòó kí iná tó jó. Ẹ yan ọ̀nà méjì tí gbogbo ọjà yóò gbà sá, kí ẹ kó igbá àti tábìlì kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ yín rìn ín kí wọ́n mọ̀ ọ́n. A lè ra ọjà míràn. Ẹ̀mí kò láàrọ̀.