Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ebi ń pa wá gan-an la máa ń tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, bí ebi bá sì lọ tán, ìwé náà kì í bá a lọ.

Ẹ gbọ́ ìtàn George Graff, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ ọ̀rọ̀ orin ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Láyé ìgbà yẹn, orí ìwé ni wọ́n ti ń ta orin: ilé iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, àwọn tó ní dùùrù nílé á rà á. Ní 1912, òun àti Chauncey Olcott kọ ọ̀rọ̀ When Irish Eyes Are Smiling, Ernest Ball fi ohùn sí i, ilé iṣẹ́ Witmark tẹ̀ ẹ́ jáde. Títí dòní, níbi tí àwọn ọmọ Ireland bá ti ń ṣàríyá, ẹ ó gbọ́ orin náà.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1909 ṣàánú òǹkọ̀wé. Ọdún 28 ni ẹ̀tọ́ orí iṣẹ́ fi ń wà; bó bá ku ọdún kan kó pé, òǹkọ̀wé tó ṣì wà láàyè lè béèrè fún ọdún 28 mìíràn. Ẹ yẹ ìyẹn wò dáadáa. Lọ́jọ́ tí orin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ta ló mọ̀ bóyá yóò tà? Iye tó bá wu olówó ni yóò dá. Lẹ́yìn ọdún 28, gbogbo ayé ti mọ iye tí orin náà tó. Ìgbà yẹn ni òǹkọ̀wé lè padà wá jókòó, kó ná ọjà náà bó ṣe yẹ.

Graff ò dúró dìgbà yẹn. Ní 1917 ìṣòro owó dé bá a, ó sì ta gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ orin fún Witmark ní 1,600 dọ́là, títí kan ọdún 28 kejì tí kò tíì dé. Nígbà tí àkókò tó ní 1939, Witmark fi orúkọ Graff gba ẹ̀tọ́ tuntun náà. Graff ní òun ò gbà, ó ta ẹ̀tọ́ kan náà fún ilé iṣẹ́ Fred Fisher. Ọ̀rọ̀ di ẹjọ́, ó dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ní 1943, adájọ́ márùn-ún ní ìwé 1917 ṣì dè é, mẹ́ta ní rárá. Witmark ló jàre.

Mi ò dá Graff lẹ́bi o. Ẹni tí ìyà ń jẹ ló mọ bó ṣe ń ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé ó ta ìkórè tó wà nílẹ̀, ó tún ta ti ọdún tí kò tíì rí. Àwọn baba wa náà mọ ìṣòro owó, ṣùgbọ́n oko kókó ni wọ́n fi ń dógò. Olówó á máa jẹ èso rẹ̀ títí gbèsè á fi tán, oko ò sì ní bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin tó ń kọ orin, tó ń kọ ìwé, tó ń ṣe fíìmù, bí owó bá le, ẹ yáwó lórí iṣẹ́ yín, tàbí kí ẹ tà á fún iye ọdún tí ẹ lè kà. Níbi tí ìwé bá ti sọ pé “títí láé”, ẹ dúró. Ẹ gbé e fún ẹni tí ebi ò pa kó bá yín kà á, lọ́yà bó bá ṣeé ṣe. Bí wọ́n bá ní dandan ni kí ẹ buwọ́ lù ú kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.

Ní 1976, Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé lè gba iṣẹ́ tí wọ́n tà láti 1978 padà lẹ́yìn ọdún 35, ohun yòówù kí wọ́n ti buwọ́ lù. Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló ní irú rẹ̀. Ìwé àdéhùn tó wà nínú àpótí yín, tí ẹ tọwọ́ bọ̀ láìkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un jáde lónìí.