Fáànù Yín Ń Kùn ni, àbí Ó Ń Han?

Bí a bá gbé kọ̀ǹpútà dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe ní Computer Village n'Ìkẹjà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ń ṣe nọ́ìsì." Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá gbé e kalẹ̀ á ní, "Ó ń ṣe ariwo." Bẹ́ẹ̀ a kì í ṣe ariwo, pípa là ń pa á, bí a ṣe ń pa òwe, tí a ń pa àlọ́, tí a sì ń pa irọ́. Ó ń pariwo, ó parí. Àmọ́ bí a tilẹ̀ pe ìyẹn bó ṣe yẹ, kò tíì ran oníṣẹ́ lọ́wọ́. Ọjà ń pariwo, ọmọdé ń pariwo, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo. Kí wá ni ti fáànù kékeré tó wà lórí pròsẹ́sọ̀? Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá irú ìró náà mu wà nílẹ̀, bí ẹ bá sì mú un lò, oníṣẹ́ á ti fura sí ibi tí àrùn wà kó tó tú ohunkóhun.

Fáànù tí ara rẹ̀ dá, fífẹ́ ló ń fẹ́, lẹ́lẹ́ báyìí, ẹ ò sì ní rántí pé ó wà níbẹ̀. (Fáànù ni mo pè é o. Abẹ̀bẹ̀ ń bẹ lọ́wọ́ ìyàwó lóde àríyá. Ẹni tó bá béèrè abẹ̀bẹ̀ kọ̀ǹpútà lọ́jà, ẹ̀rín ni wọn ó fi dá a lóhùn.)

Bí ìró náà bá nípọn, tí kò dánu dúró, bí ìgbà tí oyin ṣù mọ́ igi, kíkùn ló ń kùn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni. Ẹni tó bá kọ "fáànù ń kún" ti gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ìdí ìkòkò omi. Síbẹ̀, nídìí kọ̀ǹpútà, méjèèjì kì í jìnnà síra wọn: eruku ti kún un, ló ṣe ń kùn. Lórí pròsẹ́sọ̀, irin pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n tò súnmọ́ra. Ooru ń gba ara rẹ̀ jáde, fáànù sì ń fẹ́ ooru náà dànù. Tí ọyẹ́ bá dé, eruku á di àárín àwọn irin yìí pa. Atẹ́gùn ò ráyè kọjá mọ́, kọ̀ǹpútà á sì ní kí fáànù yára sí i. Bí ooru bá dé nǹkan bí 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ọ̀pọ̀ pròsẹ́sọ̀ Intel á dín eré wọn kù fúnra wọn kí wọ́n má baà jóná. Ìgbà yẹn lẹ ó rí i pé ohun gbogbo ń falẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì dá eruku lẹ́bi. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wò ó bóyá ètò kan ń ṣe làálàá lẹ́yìn yín. Kíkùn tó bá iṣẹ́ dé, tó sì bá iṣẹ́ lọ, kì í ṣe àìsàn.

Gbígbọ̀n yàtọ̀ sí ìyẹn. Ẹ gbọ́wọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí kọ̀ǹpútà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lọ́wọ́: ó ń gbọ̀n rìrì. Láti ìgbà LGA 775, irú ìjókòó pròsẹ́sọ̀ tí Intel gbé jáde ní 2004, fáànù tó ń bá ọ̀pọ̀ pròsẹ́sọ̀ wọn wá nínú páálí máa ń ní ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọlé. Bí ẹsẹ̀ kan ò bá wọlé tán, gbogbo rẹ̀ á máa mì, irin náà ò sì ní jókòó dáadáa lórí pròsẹ́sọ̀. Eruku tó lẹ̀ mọ́ apá fáànù kan ju èkejì lọ náà lè fa gbígbọ̀n. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé òun náà la fi ń wò ó: fáànù ń gbọ̀n, ẹ gbọn eruku rẹ̀ nù. Ẹ kíyè sí àmì ohùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń gòkè sí ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, bí "gbà" ṣe ń di "gba owó". Tó bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, ibi tó wà ló ń dúró sí: ẹ gbọ̀n ọ́n nù. Kí ẹ tó gbọ̀n ọ́n, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà iná, ẹ sì fi ìka di apá fáànù mú kí ẹ tó fi blower fẹ́ ẹ, nítorí blower lè mú un yí kọjá agbára rẹ̀, kí béárìn tó fi ń yí sì ti ibẹ̀ bàjẹ́.

Han ní tirẹ̀ ni ti ohùn tín-ín-rín tó ń gún ni létí. Ohùn àárín ni. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní "hàn", ẹ ti sọ pé ojú ń rí fáànù náà nìyẹn. Fáànù tó bá ń han, béárìn rẹ̀ ló ti gbẹ. Àwọn kan á kán òróró sí i, á sì dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Èmi á ra tuntun, tí ìwọ̀n rẹ̀ àti iye ihò ẹnu wáyà rẹ̀, 3 tàbí 4, bá ti àtijọ́ mu.

Kẹ́kẹ́kẹ́ ńkọ́? Wáyà kan ló ń kan apá fáànù, ẹ dè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn òkè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe àṣìṣe: nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ohùn òkè máa ń bá ohun kékeré lọ, ohùn ìsàlẹ̀ a sì máa bá ohun ńlá lọ, bí rógódó àti rògòdò.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ "kó", tó dákẹ́, tó tún ní "kó", tí fáìlì sì ń pẹ́ kó tó ṣí, ẹ fi fáànù sílẹ̀. Hard disk ló fẹ́ kú yẹn. Ẹ kó fáìlì yín jáde lónìí.