Ìyá Ọmọ Titun àti Iṣẹ́ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ̀kọ́ fún Ẹgbẹ́ Ìyá àti àwọn olùkọ́. Kíkà: I Samueli 1, ẹsẹ 19 títí dé 28; àti orí 2, ẹsẹ 18 àti 19.

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan gbogbo ilé tí ọmọ titun wà, tí iṣẹ́ sì ń pe ìyá ọmọ náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ òkèèrè ni a ti mú àpẹẹrẹ wa, láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, pàápàá àwọn tí ń gbá a lórí kẹ̀kẹ́ arọ.

1. Eré náà. Àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú ogun tí ó parí ní 1945 wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe eré yìí. Ní 1960 a ṣe é ní Róòmù, níbi ìdíje Paralympics àkọ́kọ́. Ní 1968, ní Tel Aviv, àwọn obìnrin pẹ̀lú wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe eré àánú rárá. Apẹ̀rẹ̀ tí a ń ju bọ́ọ̀lù sí ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ wọn sáré. A ń fún olúkúlùkù ní òǹkà, láti 1 títí dé 4.5, gẹ́gẹ́ bí agbára tí ó kù nínú ara rẹ̀. Àròpọ̀ òǹkà àwọn márùn-ún tí ó wà lórí pápá kò sì gbọdọ̀ ju 14 lọ nínú ìdíje àgbáyé. Nítorí náà ẹni tí agbára rẹ̀ kéré kì í ṣe ẹrù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹgbẹ́ náà kò lè pé. Àwọn ẹgbẹ́ ilẹ̀ Jámánì, Spéìnì àti Ítálì a máa gba àlejò láti ilẹ̀ mìíràn sí iṣẹ́ yìí, àlejò náà a sì gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

2. Ẹrù ìyá. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Obìnrin tiwa a pọn ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì a sì wà fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó nínú kẹ̀kẹ́ arọ, itan ni ó ń gbé ọmọ lé. Ọwọ́ tí ó sì yẹ kí ó fi di ọmọ mú náà ni ó fi ń yí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá wà ní ìlú àjèjì, níbi tí kò sí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀, ta ni yóò bá a gbé ọmọ nígbà tí ó bá lọ sí orí pápá?

3. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2021. Ní ọdún náà, Kim Gaucher ti ilẹ̀ Kánádà, ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ yìí kan náà, bí ọmọbìnrin kan ní oṣù kẹta. Ìdíje Olympics ti Tokyo kù sí dẹ̀dẹ̀. Nítorí àrùn kòrónà, a kò gbà kí àwọn eléré mú ìdílé wọn wá. Ó kígbe sí gbogbo ayé pé a fẹ́ kí òun yàn, yálà kí òun fún ọmọ lọ́mú tàbí kí òun sin ilẹ̀ òun. Ní òpin oṣù kẹfà àwọn alákòóso gbà pé ọmọ ọmú lè bá ìyá rẹ̀ wá. Síbẹ̀, Ona Carbonell, òmùwẹ̀ ilẹ̀ Spéìnì, fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nílé, nítorí àwọn òfin tí ó rọ̀ mọ́ ìyọ̀ǹda náà nira jù. Ní Paris, ní 2024, a ṣe yàrá ìtọ́jú ọmọ sí abúlé àwọn eléré Olympics. Ẹ kíyèsí i: ìyá kò yí padà láàárín ọdún mẹ́ta náà, ètò ni ó yí padà.

4. Hanna. Nígbà tí Elkana àti gbogbo ilé rẹ̀ gòkè lọ sí Ṣilo, Hanna kò lọ títí ó fi já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kò fi ẹ̀jẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó fi àkókò sí i. Ọkọ rẹ̀ kò sì bá a jà, ó ní kí ó ṣe bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí ọmọ jìnnà sí i, ọdọọdún ni ó ń dá ẹ̀wù kékeré fún un. Ọ̀nà jíjìn kò pa ìfẹ́ rẹ̀.

5. Ẹ̀kọ́ fún wa. Nígbà tí a bá gbé olùkọ́bìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lọ sí ìlú mìíràn, àwa a máa yára wí pé, “Kí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀.” Bí ó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara, a ó tilẹ̀ bèèrè ìdí tí ó fi bímọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò yẹ wá, ó sì tọ́ kí a ronúpìwàdà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà wí pé, ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Kí ọkọ gbé ọmọ. Kí ìjọ tí ó gba olùkọ́ wá ìyá àgbà kan tí yóò wà nítòsí rẹ̀. Kí ilé-ẹ̀kọ́ fún un ní àyè láti fún ọmọ lọ́mú. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sì yàn láti dúró sílé fún ìgbà kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, nítorí Hanna pẹ̀lú dúró.

Ìbéèrè fún ìpàdé:
(a) Kí ni Elkana ṣe tí àwọn ọkọ òde òní lè fara wé?
(b) Ta ni nínú ìjọ wa tí ń nìkan gbé ọmọ titun pẹ̀lú iṣẹ́? Ta ni yóò lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́run Hanna kí ó là wá lójú láti rí wọn. Àmín.