“Adúpẹ́” Kọ́ Ni Èsì Fún Dókítà

Ẹ̀yin ọmọbìnrin Kúta àti Ìwó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á ti kìlọ̀ òtútù àti owó ilé fún yín. Inú rírun àsìkò nǹkan oṣù ni a kì í sábà bá ara wa sọ.

Nílé, àgbo ni wọ́n máa ń gbé fún ọmọbìnrin tí inú ń run. Wọ́n á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, tàbí pé tó bá ti bímọ, á tán. Lóòótọ́, inú máa ń run ọ̀pọ̀ obìnrin díẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń dáni dùbúlẹ̀ lóṣooṣù, tí kò gbọ́ Paracetamol, kì í ṣe ohun àmúmọ́ra. Ó lè jẹ́ endometriosis. Ẹran ara tó jọ awọ inú ilé ọmọ ló ń hù síta ilé ọmọ, lára ibi tí ẹyin wà, lára ìfun tàbí àpò ìtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní nǹkan bí obìnrin 1 nínú 10 tó wà lọ́jọ́ orí ìbímọ ló ní in.

Àrùn òyìnbó kọ́ o. Ó pẹ́ tí àwọn dókítà fi rò pé tòyìnbó ni, títí Dókítà Donald Chatman ní Chicago fi kọ ọ́ jáde lọ́dún 1976 pé nínú àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ti sọ fún pé kòkòrò àrùn ló wọ abẹ́ wọn, ó lé ní 1 nínú 5 tó jẹ́ pé endometriosis ló ń bá wọn jà.

Kí ẹ tó rí dókítà

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò yín, kí ara tó dá yín lágara. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì yẹ kí wọ́n lé yín torí pé ẹ kò ní ìwé tó fi ibi tẹ́ ẹ̀ ń gbé hàn. Ẹ lè béèrè dókítà obìnrin, ẹ sì lè béèrè ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Fún oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ kọ ọjọ́ tí ìrora dé, ibi tó wà, oògùn tẹ́ ẹ lò, ọjọ́ tẹ́ ẹ kò lè lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má tijú: bó bá ń roni nígbà ìgbẹ́, nígbà ìtọ̀ tàbí nígbà ìbálòpọ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.

Níwájú dókítà

Èdè wa lè dà wá níbí. “Inú” wa gba oúnjẹ, ó gba ọmọ, ó tún gba ìbínú. Bẹ́ ẹ bá ní “my stomach is paining me”, àpò oúnjẹ ló máa sọ sí dókítà lọ́kàn, oògùn ọgbẹ́ inú lẹ sì lè gbé bọ̀ wálé. “Period pain” àti “pelvic pain” ni kẹ́ ẹ sọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni wọ́n sábà máa ń fúnni, ẹ má fi dúpẹ́ tán. Ẹ bi wọ́n ní tààrà bóyá endometriosis ni.

Bí wọ́n bá ya àwòrán inú yín (scan), tó sì mọ́, ìyẹn nìkan kò ní kí àrùn náà má sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣe laparoscopy nígbà mìíràn: wọ́n á kun aláìsàn lóorun, wọ́n á fi kámẹ́rà tín-ín-rín gba ẹ̀gbẹ́ ìdodo wọlé. Bí wọ́n bá fún yín ní oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, kí ìrora lè rọlẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ pé oyún lẹ̀ ń wá, ẹ tètè sọ ọ́, kí wọ́n lè gba ọ̀nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ tó ní in ló ń bímọ, àmọ́ bíbímọ kọ́ ni oògùn rẹ̀.

Ìrora òjijì tó mú òòyì dání, pàápàá bí nǹkan oṣù bá ti pẹ́, kì í dúró de GP. Ẹ pe 999.

Ní Britain pàápàá, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó dá àìsàn yìí mọ̀. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí màmá yín bá pè láti Kúta láti béèrè àlàáfíà, ẹ dá wọn lóhùn pé “adúpẹ́ mà”. Ìwé kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ gbé fún dókítà.