Pípín Ọkọ̀ Àìpaláradà sí Ọ̀wọ́ fún Ìdíje Autocross: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí

1. Ohun tí ìdíje náà jẹ́

Iṣẹ́ èdè-ìperí kì í bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé atúmọ̀-èdè; láti inú ohun tí a fẹ́ fún ní orúkọ ni ó ti í bẹ̀rẹ̀. Àpẹẹrẹ kan tí ó fi èyí hàn ni ọ̀nà tí Sports Car Club of America, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní 1944, ń gbà pín ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ fún ìdíje autocross. Solo ni ẹgbẹ́ náà ń pe ìdíje yìí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1973.

Nínú autocross ti Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kì í bá ọkọ̀ sáré ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. A ó to kóònù rọ́bà sí orí pápá ńlá, irú bí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí pápákọ̀ òfurufú. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gba àárín wọn kọjá, aago yóò sì máa ka àkókò rẹ̀. Kóònù kọ̀ọ̀kan tí ó bá kọlù tí ó sì wó ń fi ìṣẹ́jú àáyá 2 kún àkókò náà. Àwọn olùdíje kì í fi ìje ṣe oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ sí ibi iṣẹ́. Ìdí nìyí tí pípín ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì: bí kò bá sí i, ẹni tí ó lówó jù ni yóò máa borí.

2. Ọkọ̀ tí a kò pa lára dà

Títí di òpin 2013, ìsọ̀rí tí ó wà fún ọkọ̀ tí ó rí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é ni a ń pè ní Stock. Láti 2014, orúkọ náà yí padà sí Street. Sípíríǹgì ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́, a kò sì gbọdọ̀ tú inú ẹ́ńjìnnì láti fi agbára kún un. Ṣùgbọ́n a lè pààrọ̀ táyà, páàdì bíréèkì, asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì, àti ṣọ́ọ̀kì tí í gba ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀, níwọ̀n ìgbà tí a kò bá kọjá ààlà òfin.

Báwo ni kí a ṣe pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? “Ọkọ̀ àìtúnṣe” ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ tí a kò tíì gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ni ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò rò. “Ọkọ̀ òpópó” náà kò tó, nítorí ọkọ̀ tí a ti tún rọ púpọ̀ lè máa rìn ní òpópó. “Ọkọ̀ àìpaláradà” ni ó bá a mu. Ẹni tí ó pààrọ̀ táyà kò pa ọkọ̀ lára dà. Ẹni tí ó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè-ìperí yìí sì dúró ṣinṣin nígbà tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì yí padà, nítorí èrò ni ó dì mú, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

3. Ọ̀wọ́, kì í ṣe ìpele

Nínú ìsọ̀rí yìí, a pín ọkọ̀ sí abẹ́ lẹ́tà, láti A dé H, Super sì wà ní òkè wọn. Ó rọrùn láti pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní “ìpele”. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà, nítorí ìpele ní òkè àti ìsàlẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé E gbọ́dọ̀ yára ju F.

Ẹ jẹ́ kí a wo 2019. Mazda Miata àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1989, wà ní E. Ford Mustang GT wà ní F. Agbára-ẹṣin Miata náà jẹ́ 116, ó sì wúwo tó bíi kílógíráàmù 990. Ti Mustang GT ti 2015 jẹ́ 435, ó sì ju kílógíráàmù 1,600 lọ. Síbẹ̀, nínú òǹkà tí a fi ń mú àkókò àwọn ọ̀wọ́ dọ́gba ní ọdún náà, F ni a kà sí èyí tí ó yára ju E, ìyàtọ̀ wọn kò sì tó 3 nínú 100. Ìdí ni pé kọ́nà pọ̀, ọ̀nà kúrú. Agbára ńlá kò rí àyè nà, ọkọ̀ fífúyẹ́ sì ń tètè yí. Lẹ́tà náà kì í ṣe ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àkàsọ̀.

“Ẹgbẹ́” náà ní ìṣòro tirẹ̀: ó lè túmọ̀ sí ẹgbẹ́ tí ó ṣètò ìdíje. “Ọ̀wọ́” kò ru èrò òkè tàbí ìsàlẹ̀ dání, àwọn ọkọ̀ inú ọ̀wọ́ kan sì jẹ́ ojúgbà ara wọn.

4. Òǹkà amúdọ́gba

Bí a bá fẹ́ fi ọ̀wọ́ kan wé òmíràn, a ó fi òǹkà tí kò tó 1 sọ àkókò awakọ̀ di púpọ̀. Ká ní òǹkà ọ̀wọ́ kan jẹ́ 0.800, ti èkejì jẹ́ 0.770. Ẹni tí ó lo ìṣẹ́jú àáyá 60 ní ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ yóò gba 48. Ẹni tí ó lo 62 ní èkejì yóò gba 47.74, òun ni yóò sì borí.

5. Àkópọ̀ èdè-ìperí

Ìsọ̀rí: àkójọ ńlá tí ìwọ̀n àyípadà tí òfin gbà láàyè ń fi ààlà sí.
Ọkọ̀ àìpaláradà: ọkọ̀ tí ó ṣì rí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é, yàtọ̀ sí ohun kékeré tí òfin gbà.
Ọ̀wọ́: ìpín inú ìsọ̀rí, fún àwọn ọkọ̀ tí ó jẹ́ ojúgbà lórí pápá.
Òǹkà amúdọ́gba: òǹkà tí a fi ń gbé àkókò ọ̀wọ́ kan lé orí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ti òmíràn.

Kí olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tó tẹ́wọ́ gba èdè-ìperí, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ohun náà rí yóò gbà gbọ́ nípa rẹ̀ láti inú orúkọ yìí nìkan? “Ìpele” yóò kọ́ ọ ní irọ́. “Ọ̀wọ́” kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀.