Bírékì Tó Ń Rùn ní Hawan Kibo

Ìbéèrè: Pọ̀tétò ni mo máa ń kó láti Jos wá sí ọjà Mile 12 ní Èkó. Tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀ ní òkè Hawan Kibo, bírékì mi máa ń rùn. Kí ni kí n ṣe? (Awakọ̀, Kétu)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọ̀nà. Òórùn yẹn, ìkìlọ̀ ni: bírékì ti gbóná jù, tó bá tún pẹ́ díẹ̀, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kò ní mú. Jos ga tó nǹkan bíi 1,200 mítà, torí náà ìsọ̀kalẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ́ńjìnnì ló yẹ kó di ọkọ̀ mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ yín. Kí ẹ tó dé ẹnu gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni kí ẹ ti já gíà sí kékeré, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi délẹ̀. Tí eré bá pọ̀, ẹ tẹ bírékì dáadáa, kí ẹ sì gbẹ́sẹ̀ kúrò pátápátá kó lè tutù. Àwọn tó ń sọ gíà sí fírì torí owó dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má bá wọn ṣe é. Tí bírékì bá ti rùn, ẹ páàkì, kí mọ́tòbọ́ọ̀yì fi igi há táyà. Ẹ má da omi sí i o, irin gbígbóná máa ń sán. Kí ẹ tó gbẹ́rù míì, ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú u wò.